Àwọn Eku Nìkan Ló Mọ̀ Pé Bàbá Eku Ti Lọ

Ikọ́ ló pa Bàbá Eku lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń lọ ewé gbígbẹ, tó tún ń tọ́jú eku, ní ilé ìwádìí tí wọ́n ti ń wá oògùn ìgbàgbé. Wọn ò ra ìbòmú kan fún un rí. Ṣé ẹ rí i pé àwọn gan-an ni oògùn náà tọ́ sí?

Èmi aládùúgbò rẹ̀, tí àyà mi kì í pẹ́ já, kò jẹ́ kó gbádùn. "Àbúrò, jẹ́ kí dókítà wo àyà rẹ." Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kó kọ́kọ́ wo tiyín tó ń já láìnídìí."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń dán ewé náà wò: wọ́n á fún eku mu, wọ́n á sọ ọ́ sínú agbada omi ńlá, kó lúwẹ̀ẹ́ wá òkúta tí omi bò mọ́lẹ̀. Àwọn tó mu ewé ń rí i wàràwàrà; àwọn tí wọn ò fún ní ewé ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Inú àwọn ọ̀gá dùn, wọ́n ya fọ́tò.

Bàbá Eku ní, "Ọ̀gá, èmi ni mò ń gbé àwọn tó mu ewé wá, mo sì máa ń dúró síwájú fèrèsé yìí. Èmi ni wọ́n fi ń mọ̀nà. Ẹni tó ń gbé àwọn yòókù wá kì í dúró."

Ọ̀gá àgbà ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ti di egbòogi ni?" Ni gbogbo yàrá bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó kú tán, eku tó mu ewé ń yí po lójú omi bí ẹni tó ṣìnà. Kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé kọ sílẹ̀? Pé ewé ọdún yìí kò lágbára! Eku mọ̀ pé ẹnì kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́fà ò mọ̀. Wọn ò yọjú síbi ìsìnkú. Wọ́n ní àwọn gbàgbé ọjọ́ náà ni.

Ìyàwó Bàbá Eku fi ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ kọ sí ilé ìwádìí hàn mí. Ìbòmú ló ń tọrọ nínú gbogbo wọn. Òǹtẹ̀ "A ti gbà á" wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ àná. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ni wọ́n ti fi sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ewé. Eruku ti bo irun rẹ̀.

"Ìyá, ìbòmú yín dà?"

"Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà."

Ọ̀gá àgbà, ta ló tẹ òǹtẹ̀ lu lẹ́tà mẹ́ta yẹn, ibo ló sì kó wọn sí? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ fi ìbòmú sí imú obìnrin yẹn lónìí. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì níṣojú mi.