Gílóòbù Orí Àpò Ẹ̀wà

Òórùn gírísì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá mi ti kírun àsùbá tán, ó ti wọ ẹ̀wù iṣẹ́ iléeṣẹ́ mànàmáná, ó ń so okùn bàtà. Àwọn agbébọn ti fi àdó olóró wó òpó iná ńlá nínú igbó, gbogbo Ìlọrin wà lókùnkùn, ìbọn ò sì tíì dákẹ́ níbẹ̀. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹlòmíì lọ tún un ṣe. Bàbá mi ní, "Ìyá Muìnát, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ìyá mi fèsì pé òun ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ oyin.

Ọjà Ìpàtà, níbi tí ìyá mi ti ń ta ẹ̀wà, ni mo máa ń lọ láti iléèwé. Gílóòbù kan rọ̀ sókè àpò ẹ̀wà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá mi bá lọ gun òpó, ìyá mi á tan súìṣì sílẹ̀ láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bàbá mi ti sọ fún wa pé àwọn kì í taná sí wáyà àfi tí gbogbo ẹni tó gun òkè bá ti sọ̀ kalẹ̀ pé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí nínú igbó yẹn. Gílóòbù nìkan ló lè sọ fún wa pé ó wà láàyè.

Ọjọ́ gorí ọjọ́, kò tàn. Ìyá mi ń ṣi ẹ̀wà wọ̀n fún àwọn oníbàárà, ènì rẹ̀ ń pọ̀ ju ọjà lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹun. Lọ́sàn-án Jímọ̀, bí àwọn èèyàn ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, gílóòbù tàn. Ariwo "Iná dé!" gba Ìpàtà kan, àwọn tó ń lọta sáré lọ sídìí ẹ̀rọ. Ìyá mi jókòó sórí àpò, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Alihamudulilai. Ó ti sọ̀ kalẹ̀." Orí mi wú, mo pariwo ju gbogbo ọjà lọ, torí bàbá mi ló tan iná yẹn.

Lónìí, èmi náà ti di ẹnjiníà. Nígbà tí wọ́n tún wó òpó lọ́dún yìí, èmi ni mo ṣáájú àwọn tó lọ gbé e dìde, èmi ni mo sì ní kí wọ́n taná. Bí mo ṣe délé, ìyá mi sọ fún mi pé bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó sábẹ́ gílóòbù ní Ìpàtà ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi wà nínú igbó, kò jẹ, kò mu. Mo bi bàbá mi léèrè bóyá ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ oyin inú àpáta.

Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Muìnát, èmi ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ oyin."