Ọ̀fàfà Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi àti Nǹkan Orí Ìtì Igi

Ọdún tí mo ṣe ìyàwó dé Ìmùṣin ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ojú ogun dé. Ó yẹ kí n máa fi “wọ́n” pè é, àmọ́ mo ti dàgbà ju ìyẹn lọ báyìí. Àwọn tí wọ́n jọ lọ mú ìbọn àti aṣọ bọ̀. Ọ̀fàfà kan ni òun gbé bọ̀, nínú agbọ̀n onídèérí. Ẹranko náà kò ju ehoro lọ, kò sì nírù. Ó ní orí àpáta ńlá kan lápá òkè lọ́hùn-ún lòun ti fọwọ́ lásán mú un.

“Kò sí ẹranko tó gbọ́n tó o,” ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá yà. “Láìpẹ́, á máa jẹun lọ́wọ́ mi.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọlọ́gbọ́n kẹ̀yìn sí wa nínú agbọ̀n, kò fẹnu kan nǹkan kan.

Nǹkan kan bí olú tó yọ́ sì wà lórí ìtì igi jíjẹrà lẹ́yìn ilé ìdáná wa, ó pupa bíi pupa ẹyin, ó ń yọ̀ bí ilá. Ìyá ọkọ mi nìkan ló kà á sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n pe ọmọ wọn síbẹ̀.

“Lánàá, orí ìtì lèyí wà. Lónìí, ó ti dé ìdí èèpo iṣu tá a dà nù. Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀, ó wá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Tìrẹ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ebi ń pa á kú lọ. Èwo ló gbọ́n níbẹ̀?”

“Ìyá, ẹ má fi ẹranko mi wé ìdọ̀tí!”

Lọ́sàn-án, ó pe àwọn aládùúgbò jọ, ó ṣí agbọ̀n, ó na ewé tútù sí i. Ọ̀fàfà fi ewé sílẹ̀, ó gé àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jẹ, ó gun igi obì lọ tààrà, ó ń ké mọ́ wa látòkè. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ìyàwó tuntun, mo ki etí ìró bọ ẹnu.

Ta ló kù tó lè bínú sí? Ó mú àdá, ó ṣá nǹkan yíyọ̀ náà sí mẹ́ta.

“Akíkanjú,” ni ìyá wí, “o ti ṣẹ́gun.”

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rá padà wá di ọ̀kan, wọ́n ti bo èèpo iṣu mọ́lẹ̀. Mo pe ìyá wá wò ó.

“Má sọ fún un o,” ni wọ́n wí. “Ọwọ́ ṣì ń ro ó.”

Kó tó bọ́jú, mo ti sọ fún un.