Ìkòkò Méjì Nítorí Owó Orí Amẹ́ríkà

Òórùn tùràrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé tí a gbé ní Rolla, ní Sharjah, nítorí ọkùnrin tó ń ta lọ́fínńdà nísàlẹ̀ ilé a máa jó o láràárọ̀. Tí o bá gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì, àlùbọ́sà àti kọ́rì àwọn ará Íńdíà á gba ipò rẹ̀. Ní àjà kẹrin, níbi tí gílóòbù kò ti tàn rí, ẹja gbígbẹ tiwa á sọ fún ọ pé o ti délé. Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ ti gbé mi lọ sí Silicon Oasis ní Dubai, níbi tí àtẹ̀gùn kò ti ní òórùn kankan, àmọ́ bí ẹja gbígbẹ bá kan mí nímú níbikíbi, yàrá yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ, pàápàá àwọn ọ̀sẹ̀ tí a fi bá àwọn ará Amẹ́ríkà ja ìjà owó orí wọn.

Má rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ti gbé Sharjah rí, o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń yọ owó orí kúrò nínú owó oṣù wa níbí, ká má tiẹ̀ wá sọ ti Amẹ́ríkà tí a kò fojú rí rí àfi lórí fóònù. A kò lè dìbò níbẹ̀, a kò lè dìbò níbí, nílé pàápàá ó ti pẹ́ tí ẹnì kankan nínú wa ti tẹ̀ka. Síbẹ̀ a ja ìjà náà bí ẹni pé ogún bàbá wa ni wọ́n fẹ́ pín. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ó máa ń rẹ̀ mí ni.

Obìnrin mẹ́fà la wà nínú yàrá náà, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì mẹ́ta, kọ́tìnnì ló là wọ́n láàárín. Àwọn ẹ̀gbọ́n méjì ni olórí wa. Ọ̀kan ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, Ẹ̀gbọ́n Onírun là ń pè é. Èkejì ń ṣe ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn kan ní Dubai, a sì ń pe òun ní Ẹ̀gbọ́n Ọsibítù. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n sì ti jọ sun orí bedspace, bẹ́ẹ̀dì háyà kan ṣoṣo, rí nígbà tí ìyà ṣì ń jẹ wọ́n. Àwọn méjèèjì ló ṣòfin ìkòkò fún wa. Ìkòkò kan la ó máa dá; ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ á mú tirẹ̀ wá, ẹni tí kò bá tíì ríṣẹ́ á máa jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi gba owó oṣù àkọ́kọ́. Èmi náà jẹ nínú ọ̀fẹ́ yẹn nígbà tí mo dé. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé ìgbà wo ni yóò parí.

Ọmọ Ìlọrin dé bá wa nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú janjan. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń kúnlẹ̀ kí wa kódà nínú yàrá tí kò sí àyè ìkúnlẹ̀. Físà àbẹ̀wò ló fi wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ríṣẹ́ kí físà náà tó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa padà lọ bá ọmọ kékeré tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló ń wá. Láàárọ̀ á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Dubai, nírọ̀lẹ́ á padà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, Ẹ̀gbọ́n Onírun á ti bu oúnjẹ rẹ̀ dè é, á sì fi àwo mìíràn dé e lórí kí ẹ̀rọ amúlétutù má baà sọ ọ́ di yìnyín.

Orí fóònù ni ìjà náà gbà wọlé. Ẹ̀gbọ́n Onírun ní àbúrò ọkùnrin ní Texas tó ń wa tírélà tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọsibítù ní àbúrò obìnrin ní Maryland tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, ọmọ rẹ̀ sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìjọba ló ń bá a san owó ìtọ́jú rẹ̀. Àṣé òfin kan ti dín owó orí kù fún àwọn ará ibẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan, ọdún yẹn ni àdínkù náà sì fẹ́ dópin. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó fi erin ṣe àmì ní kí wọ́n sún òpin rẹ̀ síwájú fún gbogbo èèyàn. Ẹgbẹ́ tó fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe àmì ní kí wọ́n má sún ti àwọn olówó, pé inú owó ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Àbúrò Texas ṣèlérí pé bí wọ́n bá ti lè sún un, òun á ra tírélà kejì, òun á sì ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n òun wá. Àbúrò Maryland ń sunkún pé bí wọ́n bá sún un, ọmọ òun lè má rí dókítà mọ́. Nítorí náà, má dá wọn lẹ́bi jù. Ọ̀kan ń jà fún ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tó rí, èkejì ń jà fún ẹ̀mí ọmọ.

Ọjọ́ ìsinmi kan ló bẹ́, níbi tí a ti ń jẹ ẹ̀bà.

"Kí ló burú kí wọ́n fi owó olówó sílẹ̀ fún un?" Ẹ̀gbọ́n Onírun wí. "Àbúrò mi ò jí tírélà gbé o. He is working hard, habibi."

Ẹ̀gbọ́n Ọsibítù gbé òkèlè rẹ̀ padà sínú àwo. "Ṣé ọmọ àbúrò tèmi ló wá jí àìsàn gbé?"

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, bí Texas bá ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n Onírun á gbé ohùn fóònù rẹ̀ sókè kí kọ́tìnnì lè gbọ́; bí Maryland bá fèsì, Ẹ̀gbọ́n Ọsibítù á gbé tirẹ̀ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní Elérin àti Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ìbínú gé orúkọ kejì kúrú, ó ku kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lásán, ìwọ náà sì mọ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè pe obìnrin tó ti bímọ mẹ́rin bẹ́ẹ̀ kó gbà á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n Ọsibítù ra ìkòkò pupa kan ní ṣọ́ọ̀bù ará Pakístánì tó wà nísàlẹ̀, ó gbé e ka iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò àtijọ́. Khalas, ó tán. Yàrá wa di méjì.

Àwa tó kù ní láti mọ ibi tí a wà. Kò sẹ́ni tó ka òfin kankan. Ọbẹ̀ la fi mú ẹgbẹ́. Èmi di elérin nítorí pé Ẹ̀gbọ́n Onírun mọ ẹ̀fọ́ sè, ọmọ Ìjẹ̀bú kan di oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí pé kì í jẹ ata púpọ̀, ẹnì karùn-ún wa, tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, tẹ̀ lé mi. Bí a ṣe pín nìyẹn, lórí ọ̀rọ̀ tó ń mú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pariwo mọ́ra wọn. Mo máa ń ti Muhaisnah dé, níbi tí mo ti ń gba aṣọ ìfọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú mi á ti wọnú, kí n tó bọ́ bàtà ẹnìkan á ti bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní Amẹ́ríkà lónìí. Mo gbìyànjú láti là wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n Onírun ní mo ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Ọsibítù ní ṣebí ọbẹ̀ ló ń gbẹnu mi sọ̀rọ̀. Mo bá gbé ẹnu mi dákẹ́.

Ọmọ Ìlọrin ni kò ní ẹgbẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì ń fà á lọ́wọ́ mọ́ra. Lónìí níbí, lọ́la lọ́hùn-ún. Àmọ́ oúnjẹ náà ní ìbéèrè nínú. "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i?" Ọmọ tó ń wá ibi tí yóò sùn kò lè bá àgbà jiyàn, bó bá dé ìdí ìkòkò àtijọ́ á ní kí wọ́n fi owó olówó sílẹ̀ fún un, bó bá dé ìdí ìkòkò pupa á ní kí olówó san owó orí tiẹ̀. Kọ́tìnnì kì í ṣe ògiri. Lọ́jọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n Onírun gbọ́ èyí tó sọ lọ́hùn-ún, ó ní, "Ó dáa, kó máa jẹun níbi tó ti sọ̀rọ̀." Ẹ̀gbọ́n Ọsibítù náà gbọ́ èyí tó sọ ṣáájú, ó ní kó padà síbi tó ti kọ́kọ́ wá. Kò sẹ́ni tó ní kó má jẹun. Wọn kàn ò bù ú fún un mọ́ ni.

Ọmọ tó sì ní ẹ̀kọ́ ilé kì í fúnra rẹ̀ ṣí ìkòkò tí wọn kò ní kó ṣí. Ó ní òun ń gba ààwẹ̀. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ, a sì yìn ín, a ní Ọlọ́run á gbọ́ àdúrà rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ojoojúmọ́, olúkúlùkù wa ti ń wo ibòmíràn. Tíì àti búrẹ́dì ló ń fi ṣínu, pẹ̀lú dàbínù tí wọ́n ń há ní mọ́sáláàṣí.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Deira pè é wá fún ìdánwò. Inú gbogbo wa dùn, nítorí físà rẹ̀ ti kù díẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lójú ọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun na aṣọ náà dáadáa, ó gún régé, òun wá tẹ̀ba láti ki igun rẹ̀ sábẹ́ fóòmù, ojú òun sì ṣú. Nígbà tó jí, wọ́n fún un ní ọsàn mu, wọ́n béèrè bóyá ó lóyún. Ó ní rárá. Wọ́n ní kó lọ sinmi sílé, àwọn á pè é. Wọn kò pè é.

Nírọ̀lẹ́ yẹn, Ẹ̀gbọ́n Ọsibítù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bó ṣe máa ń rí i tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe. "Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Mi ò jẹun, mà."

"Lánàá ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n Ọsibítù yíjú sí Ẹ̀gbọ́n Onírun, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọjọ́ ìkòkò pupa. "Ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ ló ti ń jẹun?"

"Ọ̀dọ̀ tèmi kẹ̀? Ọ̀dọ̀ tìẹ ni mo rò pé ó wà o!"

Ọmọ náà ló tún wá ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò fẹ́ kí ìjà pọ̀ sí i ni." Ẹ̀gbọ́n Onírun bú sẹ́kún. Èkejì ti dédìí sítóòfù, ó ń da ìrẹsì sómi. Àwo méjì ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kò lè jẹ ju ṣíbí mélòó kan lọ.

A sáré kiri lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Ọsibítù bẹ ọ̀gá rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Onírun bẹ gbogbo oníbàárà tó jókòó sórí àga rẹ̀, àmọ́ físà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. A sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú Sharjah. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fọwọ́ sí òfin náà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sún àdínkù náà síwájú. Texas fi ayọ̀ ránṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n Onírun gbọ́ ọ jálẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Tírélà kejì kò tíì dé di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Maryland ṣì ń rí dókítà, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kò yé páyà.

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì la ní, orí ọmọ wọ́, kò sì sí ìkà nínú wọn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Èyíkéyìí nínú wọn ì bá yọ oúnjẹ lẹ́nu ara rẹ̀ fún un. Nígbà tí a ń dá ìkòkò kan, ara ẹni tí kò ní ni gbogbo wa ń wò. Nígbà tó di méjì, ìkòkò kejì la wá ń wò. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn láti ìgbà náà, ti Amẹ́ríkà, ti Nàìjíríà, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pàápàá, mi ò sì ní agbára fún ìkankan nínú wọn mọ́.

Ó pè mí lóṣù tó kọjá. Ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìlọrin, mo ń gbọ́ ariwo ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó béèrè àwọn ẹ̀gbọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n bá òun kí wọn dáadáa. Mo rò pé ó fẹ́ pa fóònù ni.

"Ẹ̀gbọ́n, òfin owó orí yẹn, ṣé wọ́n padà sún un síwájú?"

"Wọ́n sún un."

"Nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa, ta ló wá jàre?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni lóòótọ́, bí èèyàn ṣe ń béèrè ibi tí bọ́ọ̀lù parí sí. Mo ní wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Háà, ó dáa," ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó pa fóònù. Gbogbo àwa tí a ja ìjà yẹn la ṣì wà níbí, tí a ń ṣiṣẹ́, tí a ń jẹun. Òun tí kò bá ẹnikẹ́ni jà nìkan ló padà sílé.