Lẹ́tà Kan Nínú Ìwé Àyẹ̀wò Màmá Ìmùṣin

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí tí kì í ṣe òtítọ́. Ìyá mi wà nílé, ẹ lè bi í. Mo rántí ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo rò pé kò sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó lè ṣòro fún mi. Ọdún náà ni wọ́n gé kókó kan kúrò ní ọmú ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí à ń pè ní Màmá Ìmùṣin nítorí ìlú tó ń gbé. Nígbà tí ìwé àyẹ̀wò kókó náà dé, èmi ni wọ́n gbé e fún pé kí n kà á.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀," ni Màmá wí. "Ṣé akọ jẹjẹrẹ ni, àbí abo?"

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń béèrè. Bí akọ ibà ṣe le ju ibà lásán lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilé wa gbà pé akọ jẹjẹrẹ ló ń pani, pé abo kò le. Àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé náà gùn, n kò mọ ìdajì wọn, ṣùgbọ́n lókè pátápátá mo rí ibi tí wọ́n ti béèrè akọ tàbí abo, lẹ́tà F sì tẹ̀lé e. Mo fò sókè.

"Abo ni, Màmá! Abo ni!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí ni òun tún ń wá lọ sí ọsibítù fún abẹ́rẹ́ tí dókítà ní kí òun bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òun kò lọ mọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Ọjọ́bọ̀ náà pé, olùkọ́ wa pín fọ́ọ̀mù fún wa ní kíláàsì. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ọjọ́ orí mi, mo sì kọ F síbi akọ tàbí abo. Bírò dúró lọ́wọ́ mi. F tèmi yìí, èmi obìnrin ni. F ti inú ìwé Màmá wá ńkọ́? Bí agogo ìparí ti lù, mo sáré lọ wọ ọkọ̀ Ìmùṣin pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Màmá pàtẹ́wọ́.

"Ìwọ ọ̀mọ̀wé yìí! Èmi wá ni abo náà?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Jẹjẹrẹ ọ̀hún wá ńkọ́?"

"N kò mọ̀, Màmá."

"Ó dáa. Ìwọ náà ni yóò bá mi lọ bi wọ́n lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì ní ọsibítù, dókítà kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó ní kò sí akọ, kò sí abo. Ojú ọ̀nà tí wàrà ń gbà nínú ọmú ni jẹjẹrẹ Màmá ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìwé náà wí nìyẹn. Ó ní èròjà kan tún wà nínú ara obìnrin tó ń mú kó máa ṣe nǹkan oṣù; àwọn jẹjẹrẹ kan ń jẹ ẹ́ dàgbà, oògùn oníhóró kan sì wà tó ń fi ebi pa irú wọn, àwọn mìíràn kò sì bìkítà fún un rárá. Inú mi dùn dé góńgó! Irú ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú ìwé kankan tí a ń kà.

"Tèmi ń jẹ ẹ́ àbí kò jẹ ẹ́?" ni Màmá bi í.

Dókítà ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí wa. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà.

Aṣọ lásán ni wọ́n ta sẹ́nu yàrá dókítà, nítorí náà àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n na ìwé tiwọn sí mi. "Ọmọ mi, wá ka tèmi. Irú wo ni tèmi?" Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó mọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo rọra kà á, ibi tí kò yé mi, mo sọ pé kò yé mi.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Màmá ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì ti padà sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Inú mi ṣì máa ń dùn pé mo sáré lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá lọ fún àyẹ̀wò ló ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: ṣé kókó tí wọ́n gé yẹn ń jẹ èròjà ọ̀hún, àbí kò jẹ ẹ́? Wọn a sì ní kó ṣe sùúrù, ibi àyẹ̀wò náà kò tíì sí nítòsí.