Fèrè Tí Mo Yàn fún Kẹ́hìndé

Ọjọ́ tí ìyá mi mú mi lọ ra fèrè páànù lọ́jà Ọ̀tà ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fèrè nílé ìwé, ọjọ́ Ẹ́ńpáyà, tí àwa ọmọ ilé ìwé máa ń fọn fèrè yan ní ìyìn ọba òyìnbó, sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Méjì ló kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Mo fọn wọ́n wò. Ọ̀kan dún ketekete, ohùn èkejì há. Mo mú èyí tó dára.

Ìyá mi ní, "Táíwò, ti Kẹ́hìndé ńkọ́?"

Ikọ́ ti pa ìkejì mi lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá rà fún mi, wọ́n gbọ́dọ̀ rà á fún ère tí wọ́n gbẹ́ dípò rẹ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé òkú kì í fọn fèrè, mo sì nawọ́ sí èyí tí ohùn rẹ̀ há.

Nígbà tí a délé, ìyá mi ní, "Bá a fọn tirẹ̀, kó gbọ́ ọ."

Mo fọn ọ́n. Ikọ́ Kẹ́hìndé gan-an ló jáde. Ìyá mi sáré wọ yàrá, ó ń pè é lórúkọ.

Lọ́jọ́ Ẹ́ńpáyà, tísà yìn mí pé fèrè mi dún dáadáa. Èmi kò gbọ́ ọ. Èyí tí mo yàn fún Kẹ́hìndé ni mò ń gbọ́, òun náà ni mò ń gbọ́ títí dòní.