Nem Kẹtàdínlógún

Okùn pupa. Òun ni wọ́n fi ń mọ nem Bảy Diệu, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kíkan inú ewé, lọ́jà. Àwọn yòókù ń fi okùn funfun di tiwọn, àwọn mìíràn ń lo rọ́bà. Tirẹ̀, okùn pupa, ó wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ta á ní kókó kan tí ọmọdé lè fi eyín tú.

Bảy, nítorí pé nọ́ńbà ìbí ni gbogbo wọn ń jẹ́ lápá odò tí wọ́n ń gbé. Òun ni Ìkeje. Àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Tám, Ìkẹjọ.

Obìnrin kúkúrú ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, apá rẹ̀ le bí apá atukọ̀. Odó ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń gún ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran itan nìkan, èyí tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Á gún un títí yóò fi máa fà bí iyán, á wá po awọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ti rẹ́ tínínrín mọ́ ọn, pẹ̀lú aáyù, iyèré, iyọ̀, ṣúgà díẹ̀, ata pupa kan ní àárín. Ewé kékeré kan nínú, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóde. Kò sí iná ńbẹ̀ rárá. Á so wọ́n rọ̀ sórí ọparun lẹ́yìnkùlé fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹran náà á sì kan fúnra rẹ̀.

Bí oníbàárà bá bi í pé kí ló ń fi sí i tó fi dùn tó bẹ́ẹ̀, èsì kan ló ní.

"Mi ò fi nǹkan kan sí i. Ọwọ́ mi ni, àti ọjọ́ mẹ́ta."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń yangàn. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún, ọmọbìnrin kan gun alùpùpù dé láti ilé àyẹ̀wò ìjọba, ó di àpótí yìnyín mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Quế Trân lorúkọ rẹ̀. Ó ra nem níwájú gbogbo ìsọ̀, ogún ìsọ̀, ó sanwó bí oníbàárà, ó sì fún oníkálukú ní ègé páálí kan tó ní nọ́ńbà lára. Ó ṣàlàyé pé àwọn ń wá kòkòrò àrùn kan nínú oúnjẹ, irú èyí tí apá oògùn kò ká mọ́. Kò sí orúkọ ẹnì kankan tí àwọn máa kọ. Nọ́ńbà nìkan. Kí oníkálukú mọ tirẹ̀, kó sì pa á mọ́.

Bảy Diệu gba mẹ́tàdínlógún. Ó tì í bọ abẹ́ okùn fìlà ewé rẹ̀, ó sì ń bá ọjà rẹ̀ lọ. Kí ló kàn án níbẹ̀?

Ní oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ ìwé àbájáde mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà. Nínú ogún nem, mẹ́ta ní kòkòrò náà, irú èyí tí oògùn mẹ́rin ti kùnà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin. Nọ́ńbà mọ́kànlá. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ páálí rẹ̀, ó wò ó, ó tún fi í pamọ́.

Àwọn ènìyàn ti pé síbẹ̀, oníkálukú ń fojú wá ẹni tó jẹ̀bi. Ba Lượm, tó ti ń ta nem kí Bảy tó mọ odó gún, ló ń pariwo jù. Ó ní àwọn tó ń ra ẹran olówó pọ́ọ́kú lẹ́bàá títì ni, ó mọ̀ wọ́n, kò kàn ní dárúkọ ni. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí Bảy Diệu. Ó ní gbogbo ọjà yìí, okùn pupa nìkan lòun lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Wọ́n yẹ́ ẹ sí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀, bí kò bá lanu.

Lọ́jọ́ kejì ó wọkọ̀ lọ bá Quế Trân nílé àyẹ̀wò. Ó gbé páálí náà sórí tábìlì. Ó ní kí ọmọ náà ṣàlàyé bí kòkòrò ṣe dénú oúnjẹ ẹni tí kì í fi nǹkan kan sí oúnjẹ.

"Àǹtí Bảy, kó tó dé odó yín ló ti lágídí," ni Quế Trân wí. "Inú ẹlẹ́dẹ̀ ló ti kọ́ ọ."

Ó sọ fún un pé bí wọ́n bá ń bu oògùn sóúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìṣe pé ara rẹ̀ kò yá, àwọn kòkòrò aláìlágbára á kú, àwọn olóríkunkun á ṣẹ́ kù, wọ́n á sì máa bí sí i. Kíkan tí nem ń kan á pa púpọ̀ nínú wọn. Kò ní pa gbogbo wọn. Ẹni tó bá jẹ ìyókù lè ṣàìsàn, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ ní ọsibítù, abẹ́rẹ́ náà á sì dà bí omi lásán.

Ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń ra ẹlẹ́dẹ̀. Tám Khởi, àbúrò rẹ̀.

Ó tu ọkọ̀ kékeré kọjá sí òdìkejì omi. Ó ti to èébú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu kó tó gúnlẹ̀. Ó bá Tám tó ń da omi sí àwọn ẹran rẹ̀ lára. Ó bi í pé kí ló ń fún wọn jẹ.

Ojú Tám kọ́kọ́ dàrú. Ó wọlé, ó gbé ike ńlá kan jáde. Àpò ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú ló kún inú rẹ̀, àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èyí tí ẹ ń gbé wá náà ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

Òótọ́ ni. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, Bảy Diệu a ra àkàrà òyìnbó fún àwọn ọmọ Tám, a sì ra ìyẹ̀fun náà fún ẹlẹ́dẹ̀ Tám. Gbogbo ìdílé tó ní ẹlẹ́dẹ̀ lápá ibẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wọn, bí ẹni ń kí wọn kú ọ̀rinrin. Onífíìdì, ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹran, sọ pé ó ń fún wọn lókun, òjò kò ní mú wọn. Ọdún méjìlá. Bảy Diệu ti pè é ní oògùn amáralókun; àṣé oògùn tí Quế Trân wí ni. Tám sì ń bu ṣíbí kan láràárọ̀, àìsàn wà, àìsàn kò sí, títí àpò yóò fi gbẹ.

"Mi ò jẹ́ fi ẹ̀bùn yín ṣòfò," ni Tám wí. Inú rẹ̀ sì dùn bó ti ń sọ ọ́.

Bảy Diệu dojú garawa kan dé, ó jókòó lé e. Èébú tó tò sílẹ̀, kò rí ẹni tí yóò kó o bá. Mi ò fi nǹkan kan sí i. Ogójì ọdún.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn oní-nem ṣèpàdé. Alága ní àwọn tó ni nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè sọ̀rọ̀ bó bá wù wọ́n, kò pọn dandan. Ba Lượm ní wọn ò lè sọ̀rọ̀, ìtìjú ti lẹ ètè wọn pọ̀.

Bảy Diệu dìde. Ó yọ páálí lábẹ́ okùn fìlà.

"Tèmi ni mẹ́tàdínlógún."

"Jókòó, Bảy," ni Ba Lượm wí. "Ta lo fẹ́ bá ru ẹ̀bi rẹ̀?"

"Ara mi ni, Ẹ̀gbọ́n Ba. Èmi ni mo ra ìyẹ̀fun. Ẹlẹ́dẹ̀ àbúrò mi jẹ ẹ́, mo gún ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀yin náà jẹ ẹ́." Ó wo gbogbo wọn yí ká. "Àpò tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní in nílé tàbí nílé ìbátan rẹ̀? Ẹ nawọ́ kí n rí yín."

Kò sí ọwọ́ tó lọ sókè. Ọwọ́ Ba Lượm wà lórí itan rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé tẹlòmíràn ni.

Bảy Diệu ní òun ò ní so nem kankan rọ̀ fún títà mọ́ títí nọ́ńbà òun yóò fi mọ́. Ó jókòó. Ọrùn rẹ̀ nà ṣánṣán.

Oṣù mẹ́jọ. Ọparun òfìfo lẹ́yìnkùlé. Ó ń ta ẹran sísè nínú ewé, iṣẹ́ tí kò kà sí iṣẹ́. Láràárọ̀ á tukọ̀ lọ bá Tám fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á da koríko gbígbẹ sílẹ̀, wọ́n á ya èyí tó ń wúkọ́ sọ́tọ̀. Dókítà ẹran wá gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ dé, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin kú. Tám sunkún, ó ní kí wọ́n padà sí ìyẹ̀fun, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó bọ́ ẹ̀wù òjò ara rẹ̀, ó fi bo ibi tí òrùlé ti ń jò. Èyí tó kù yè.

Nílé, ó ra pákó ìgéran tuntun. Ọ̀bẹ fún awọ, ọ̀bẹ fún ẹran. Omi gbígbóná lórí gbogbo wọn.

Ó ṣe nem díẹ̀ fún àyẹ̀wò nìkan, Quế Trân sì wá mú un wò lẹ́ẹ̀mejì, oṣù kan láàárín. Nígbà kejì, ó bá Bảy Diệu níwájú ilé, ó gbé ìwé lé e lọ́wọ́. Wọn kò rí kòkòrò olóríkunkun kankan. Ó ní ìyẹn kò sọ pé kò lè padà wá o, àwọn á ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bảy Diệu ní kó máa bọ̀, kó máa bọ̀ nígbàkigbà tó bá wù ú.

Ọjọ́ tí nem rẹ̀ padà sọ́jà, okùn pupa ni, kókó kan. Lókè ìsọ̀, pátákó kékeré kan, ọ̀dà pupa: 17.

Ba Lượm dúró, ó wò ó títí.

"Ta ní ń fi ìtìjú ṣe àmì ìsọ̀?"

"Nọ́ńbà ni wọ́n ti ń fi pè mí látìgbà tí wọ́n ti bí mi, Ẹ̀gbọ́n Ba. Èyí, èmi ni mo yàn án."

Ba Lượm ra mẹ́wàá. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní nọ́ńbà mẹ́rin ni tòun. Ó bèèrè ọjọ́ tí dókítà ẹran yẹn máa ń wá.

Títí dòní, bí àlejò bá bi Bảy Diệu pé kí ló ń fi sí nem rẹ̀, kì í dáhùn kíákíá mọ́. Á ní kó jókòó. Á fún un lómi. Á wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti orí ẹlẹ́dẹ̀.