Ìgò Omi Tí Màmá Gbàdúrà Sí

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn àbẹ́là, inú á kọ́kọ́ bí mi ná kí n tó rẹ́rìn-ín. Mo rántí ọdún tí mo fẹ́ ṣe tán ní yunifásítì l'Adó, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní Òkè-Ìlá. Olùkọ́ mi ní kí n fi omi ṣàlàyé òfin kan níwájú àwọn tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ àṣekágbá mi wò. Òfin náà kò gùn: ka èròjà tó wà nínú ìgò, fi méjì kún un, kí o wá yọ iye ìrísí tí wọ́n wà kúrò, ohun tó bá ṣẹ́kù ni òmìnira tí o ní láti yí ooru tàbí ìfúnpá padà. Bó bá ṣe omi nìkan ló wà níbẹ̀, tí yìnyín, omi àti oru jọ wà pọ̀, òfo ló ṣẹ́kù. Mo fẹ́ràn òfo yẹn, nítorí nínú ilé wa, gbogbo ènìyàn ló lómìnira láti fọwọ́ kan nǹkan mi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ sí nínú ìgò. Mo se omi inú rẹ̀ títí oru fi lé afẹ́fẹ́ jáde, mo dé e pinpin, mo sì tọrọ àbẹ́là lọ́wọ́ Màmá láti yọ́ sí ẹnu ọmọrí rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ta ni ń tọrọ àbẹ́là lọ́wọ́ ìyá Àládùúrà, tó tún gbé ìgò omi ka orí tábìlì, tí kò sì ṣàlàyé? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ̀ mí kí n padà sí ṣọ́ọ̀ṣì! Nígbà tí mo lọ ra yìnyín l'Ọjà Ọba, ayọ̀ ti gba ọkàn wọn.

“Ọmọ mi, mo ti gbàdúrà sí uṣẹ́ rẹ,” ni wọ́n wí bí mo ti ń gbé ìgò jáde. “Mo ṣí i, mo ka Sáàmù sí i, mo sì dé e padà.”

“Màmá! Ẹ ṣí i?”

“Ṣé ìgò tí wọ́n dé pa ni a ń gbàdúrà sí ni?”

Ọ̀kadà ti ń dúró dè mí. Kò sí àyè láti tún un se.

Níwájú àwọn olùkọ́, mo gbé yìnyín lé ìgò lórí. Ká ní kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ ni, òtútù ì bá sọ oru di omi, ìfúnpá ì bá dínkù, omi náà ì bá sì máa hó láìsí iná. Kò hó. Olùkọ́ mi béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ní afẹ́fẹ́ ti wọlé, èròjà ti di méjì, òmìnira sì ti wọ ibi tí a kò pè é sí. Wọ́n ní kí n máa bá a lọ. Mo ṣàlàyé dé ibi tí èmi fúnra mi kò mọ̀ pé mo mọ̀, mo sì yege.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé omi àdúrà ló ṣe é. Inú bí mi débi pé n kò jẹun ọ̀sán wọn.

Èmi ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin náà báyìí. Bí wọ́n bá ń kà á bí ayékòótọ́, ó máa ń sú mi, mo sì máa ń bi wọ́n pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá ṣí ìgò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tún èròjà kà. Ká ní Màmá kò ṣí i, èmi náà ì bá kàn há a sórí yege ni. Títí Màmá fi papò dà, ẹjọ́ ìgò yẹn ni mò ń bá wọn rò. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí.